Ọpẹ́ Kí Èsì Ìdánwò Tó Dé

Ní àárín oṣù Disẹ́ńbà, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìdínlógún kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Houston. Ó gbé báàgì aṣọ ìdọ̀tí kọ́ èjìká, ó sì di igbá funfun kékeré kan mọ́ àyà. Wákàtí mẹ́ta ni ó fi rìn láti yunifásítì rẹ̀. Ìdánwò ti parí, ṣùgbọ́n èsì kò tíì jáde. Ìyá rẹ̀ tó wá pàdé rẹ̀ kò bi í bóyá ó ti jẹun. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kẹ́mísírì ńkọ́?"

Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ délé."

Ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ilé wọn. Ìyá náà, ọmọ Òṣogbo, ọlọ́ṣun ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni ó ń ṣe, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ ló gbé ọmọ dé yunifásítì, àwọn tó fún un sì ti sọ pé máàkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 3.0 lọ nínú 4.0. Orúkọ ìyá àti ọmọ kò ní jáde níbí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn.

Oṣù Ògọ́ọ̀sì ni yunifásítì wọlé. Oṣù yẹn náà ni Òṣogbo ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun, tí Arugbá ń gbé igbá lọ sí etí odò. Owó tí ìyá ì bá fi wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílé ni ó fi ra ìwé, aṣọ ìbùsùn àti fìríìjì kékeré fún ọmọ. Ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí níwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì ni ó ti wo Arugbá lórí fóònù. Ibẹ̀ náà ni ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ òun bá parí sáà àkọ́kọ́ ní àlàáfíà, tó sì padà wálé, òun yóò fi oyin àti adìẹ kí Yèyé.

Wọ́n ti dá Ifá fún ọmọ náà kí ó tó kúrò nílé. Ohun tí Ifá wí kò ju pé kí ó máa bọ Orí rẹ̀ lọ. Ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ náà mu wà nínú Ògúndá Méjì. Wọ́n bi àwọn òrìṣà pé ta ni nínú wọn ló lè bá ẹni tó ń bọ ọ́ rìn dé òkèèrè, kọjá òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun lè lọ. Wọ́n ní bí ó bá rìn títí tó dé Kòso, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì fún un ńkọ́? Ó ní bí òun bá yó tán, òun á padà sílé òun. Bẹ́ẹ̀ ni Ògún ní Ìrè. Ọ̀rúnmìlà pàápàá, bí ó bá dé Òkè Ìgẹ̀tí, ilé ló dé yẹn. Orí nìkan ni kò ní ilé mìíràn tí yóò yà sí.

Àwọn òbí kan máa ń di odidi ojúbọ fún ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì bí ẹni ń di ẹrù ọjà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ a máa padà wálé nínú páálí tí wọn kò tú rí. Ìyá yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Igbá kan ni ó fún ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú obì àbàtà tó rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, tí ọmọ fi pépà tútù wé sínú fìríìjì kí ó má bàa gbẹ.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì Amẹ́ríkà náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Àbẹ́là kò gbọdọ̀ wọ yàrá, tùràrí kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín wà lókè àjà. Bí ó bá ké, gbogbo ilé ni yóò sá jáde sínú òtútù tàwọn taṣọ ìwọ̀sùn. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó de omi tútù. Ní òwúrọ̀, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà á bu omi sínú igbá, á fi ìka kan omi, á fi kan iwájú orí, àárín orí àti ìpàkọ́, á pe orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìyá tó bí i, á sì sọ ohun tó fẹ́ kí ọjọ́ náà mú wá.

Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, Kátólíìkì tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó béèrè ohun tí omi náà wà fún. Ọmọ ọlọ́ṣun ti ń múra ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èkejì ní ìyá àgbà òun náà máa ń gbé omi kalẹ̀ fún àwọn òkú ilé wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Nòfẹ́ńbà, nítorí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti rí igbá níta, á yí orin rẹ̀ wálẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀kítóbà, ìdánwò àárín sáà dé. Nínú kẹ́mísírì, 41 ni ó gbà nínú 100. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò bu omi. Ó sọ lẹ́yìn náà pé Orí ni òun ń bá bínú: gbogbo òwúrọ̀ wọ̀nyẹn, kí ni wọ́n já mọ́? Ní òru ọjọ́ kẹrin ó pe ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ pé òun fẹ́ máa bọ̀ nílé. Ìyá kò bá a wí. Ó ní kí ó lọ bu omi, kí ó sì lọ wá ẹni tó mọ kẹ́mísírì. Kò sọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní ilé ìkàwé, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tí yunifásítì ń sanwó fún láti ran àwọn ẹni tuntun lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jókòó. Lẹ́yìn ìjókòó àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà dúpẹ́. Wọ́n pàdé nílé oúnjẹ lọ́jọ́ kejì, ó tún dúpẹ́. "Ẹ ṣé àná" ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó kàn yí i sí Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìyẹn rò pé ó ti gbàgbé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bi í bóyá nǹkan kan wà tó fẹ́ tọrọ. Ó wá di dandan kí ó ṣàlàyé pé nílé tiwọn, bí wọ́n bá ṣe ènìyàn lóore lónìí, ọpẹ́ rẹ̀ kò tíì pé títí ilẹ̀ ọ̀la fi mọ́.

Àṣà yìí ju ìwà ọmọlúàbí lásán lọ. Ẹni tó dúpẹ́ oore àná ń sọ pé oore náà bá òun sùn, ó sì bá òun jí. Omi òwúrọ̀ tí olórìṣà ń fi kan orí, irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni: Orí ló gbé e la òru já. Ọmọ náà ní ẹnu ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni òun ti rí i pé, láti Ògọ́ọ̀sì, òun kò tíì dúpẹ́ kankan nídìí igbá. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Bí wọ́n ti délé ní Disẹ́ńbà, ìjà kékeré kan bẹ́. Ìyá ní kí wọ́n dúró de èsì kí wọ́n tó san ẹ̀jẹ́. Bí owó ẹ̀kọ́ bá bọ́ mọ́ ọmọ òun lọ́wọ́, ó ní, kí ni òun fẹ́ wí létí odò? Ìyálórìṣà ilé wọn, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wà níjòókòó.

"Kí lo sọ fún Ọ̀ṣun? Tún un sọ kí n gbọ́."

"Ìyá, mo ní bí ọmọ mi bá parí sáà ní àlàáfíà, tó sì padà wálé."

"Ṣé ó parí?"

"Ó parí, Ìyá."

"Ta ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ yìí? Ṣé fọ́tò rẹ̀ ni? O kò dárúkọ máàkì fún Ọ̀ṣun. Má fi kún ẹ̀jẹ́ lẹ́yìn tó ti gbà á."

Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n bọ Orí. Ọmọ jókòó lórí ẹní nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú omi tútù, obì àbàtà olójú mẹ́rin, àgbọn àti ẹja. Àwọn ará Brazil ń pe èyí ní bori, bọ Orí gan-an ló wà lẹ́nu wọn títí dòní. Àwọn ará Cuba ń fi èdè Sípéènì pè é ní rogación de cabeza; àgbọn, òwú àti ẹfun wà lára ohun tí wọ́n ń fi ṣe é, àgbọn náà ni wọ́n sì ń pè ní obí.

Ìyálórìṣà fi òfin kan lélẹ̀: ọmọ náà kò gbọdọ̀ tọrọ ohunkóhun. Ọpẹ́ nìkan. Ó ṣòro ju bí ó ti rò lọ. Gbólóhùn kẹta ni ó ti fẹ́ dárúkọ owó ẹ̀kọ́, Ìyá sì wúkọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dúpẹ́ fún ẹni tó ń yí orin wálẹ̀, fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìkàwé, fún fóònù tí ìyá rẹ̀ gbé lóru. Ó dúpẹ́ fún 41 náà. Wọ́n da obì: méjì ṣí, méjì dé. Obì yàn. Wọ́n fi díẹ̀ kan Orí, wọ́n sì jẹ ìyókù.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n pa adìẹ Ọ̀ṣun ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sè é, wọ́n pín in. Ìyá máa ń bẹ̀rù aládùúgbò, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Hialeah ní 1993. Ní 2009 pẹ̀lú, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá olórìṣà José Merced láre lórí ìlú Euless, ní Texas kan náà. Wọ́n gbé oyin lọ sí etí odò Brazos, wọ́n dà á, wọ́n sì gbé igò rẹ̀ padà wálé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Olórìṣà tó ń fi igò àti náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ létí odò, pàǹtírí ló dà sílé Ọ̀ṣun.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni èsì jáde. Kẹ́mísírì, C. Gẹ̀ẹ́sì, A. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, 2.93. Ó kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́tà ìkìlọ̀ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì: wọn kò gba owó náà padà, ṣùgbọ́n ó ní títí di oṣù Méè kí ó fi gbé máàkì rẹ̀ sókè. Ìyá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi í sábẹ́ àwo Ọ̀ṣun, ó sì lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ padà pẹ̀lú igbá rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí ilé ìkàwé ṣí, ó lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta yẹn, ó dúpẹ́ fún sáà tó kọjá. Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń retí rẹ̀. Ó yọ ìwé jáde, wọ́n sì mú ọjọ́: ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.