KẸ̀KẸ́ ONÍNÁ AṢÈRÀNWỌ́: BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́ ÀTI BÍ A ṢE LÈ ṢÀLÀYÉ RẸ̀ NÍ ÈDÈ YORÙBÁ

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí òwe yìí sọ nípa ọmọ bá ohun-èlò àjèjì mu pẹ̀lú. Ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe kí a tó fún un lórúkọ, nítorí pé orúkọ tí kò bá iṣẹ́ mu a máa ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Iṣẹ́ yìí dá lórí irú kẹ̀kẹ́ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní àwọn ìlú ńláńlá òkè òkun. Ó ní pẹ́dà bíi kẹ̀kẹ́ ológeere tí a ti mọ̀, ó sì tún ní bátìrì àti ẹ̀rọ iná tí ń ran ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún lọ́wọ́. 'Kẹ̀kẹ́ oníná aṣèrànwọ́' ni a ó máa pè é níhìn-ín. A ó ṣàlàyé ìdí tí a fi yan orúkọ yìí, bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí olùkọ́ ṣe lè fi Yorùbá kọ́ni nípa rẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ bátìrì àti kẹ̀kẹ́. Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì ní àsìkò yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé ìlànà náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun-èlò tuntun kò yéé dé, ìran olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò sì tún un fi hàn pé èdè yìí lè ṣàlàyé ohun tí ó dé lójú ayé tirẹ̀. Ìlànà ìjọba lè yí padà. Ọmọ tí ó bá béèrè ìbéèrè ní kíláàsì ṣì ń retí ìdáhùn.

Orúkọ Àwọn Ohun Ìrìnnà Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì àti Mẹ́ta

Bí a bá wo àwọn orúkọ tí Yorùbá ti fún irú ohun ìrìnnà báyìí, a ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni bí nǹkan ṣe ń rìn tàbí bí ó ṣe ń dún. 'Kẹ̀kẹ́', ọ̀rọ̀ tí a tún ń lò fún kẹ̀kẹ́ ìrànwú, ni a fi 'ológeere' yàn nítorí pé ó ń lọ geere lórí ilẹ̀. Alùpùpù gba orúkọ tirẹ̀ láti inú ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni orúkọ ènìyàn tàbí ti ilé-iṣẹ́. 'Ọ̀kadà' wá láti ọ̀dọ̀ Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀, tí ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Edó pè. Àwọn ènìyàn fi orúkọ ọkọ̀ òfúrufú náà pe alùpùpù akérò nítorí ìyára rẹ̀. 'Márúwá' jẹ́ orúkọ Buba Marwa, ológun tí ó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà gbilẹ̀ níbẹ̀. 'Kẹ̀kẹ́ NAPEP' wá láti inú ètò ìmúkúrò òṣì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2001.

Ọ̀nà kẹta ni iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe. Ọ̀nà yìí ni ó fún wa ní 'amúlétutù' àti 'asọ̀rọ̀mágbèsì'. Lérò tiwa, òun ni ó wúlò jù fún kíláàsì. Orúkọ bíi Márúwá ń pa ìtàn mọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ọmọ tí kò rí i rí pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ní. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti fi hàn wá bí a ṣe lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni a nílò fún ẹ̀rọ.

Bí Kẹ̀kẹ́ Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ Yamaha gbé irú kẹ̀kẹ́ yìí, tí wọ́n pè ní PAS, sí ọjà ní orílẹ̀-èdè Japan. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn dé Yúróòpù àti àwọn ibòmíràn. Yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀yà tí kẹ̀kẹ́ ológeere ti ní, ohun mẹ́rin ni a fi kún un.

Èkíní ni bátìrì. Irú bátìrì tí ó wà nínú fóònù alágbèéká ni, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ fóòtì 36. Bí agbára ìpamọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ámúpù-wákàtí 14, tí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀, yóò fún wa ní wáàtì-wákàtí 504, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ìdajì yúnìtì iná kan lọ.

Èkejì ni ẹ̀rọ iná tí ń yí. A kò pè é ní mọ́tò, nítorí pé lẹ́nu Yorùbá, mọ́tò ti di ọkọ̀. Ẹ fi wé ohun tí ń yí fáànù: iná wọ inú rẹ̀, ó sì ń yí. Àwọn kan wà ní àárín gbùngbùn táyà, àwọn mìíràn sì wà níbi tí pẹ́dà ti ń yí.

Ẹ̀kẹta ni ohun kékeré kan tí ń ṣọ́ ẹsẹ̀. A lè pè é ní aṣọ́sẹ̀. Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń wò bóyá pẹ́dà ń yí tàbí kò yí. Èkejì ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ pẹ́dà le tó, kí ìrànwọ́ lè pọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, bí ìgbà tí a bá ń gun òkè.

Ẹ̀kẹrin ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Òun ni ó ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ aṣọ́sẹ̀, tí ó sì ń pinnu ìwọ̀n iná tí bátìrì yóò fún ẹ̀rọ.

Ẹni tí kì í ṣe eléré ìdárayá lè fi ẹsẹ̀ pèsè nǹkan bíi wáàtì 75 sí 100 fún àkókò gígùn. Bí ẹ̀rọ bá fi wáàtì 250 kún un, òkè bíi ti Màpó ní Ìbàdàn kò ní dá gọ̀ǹgọ̀ sí i lẹ́sẹ̀, olùkọ́ kò sì ní dé ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú aṣọ tí òógùn ti mu. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí iná bátìrì bá tán lójú ọ̀nà, pẹ́dà ṣì ń ṣiṣẹ́. Kìkì pé kẹ̀kẹ́ náà yóò wúwo lẹ́sẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ń wọn kílógíráàmù 20 sí 25.

Ìdí tí a fi pè é ní 'Aṣèrànwọ́'

Gírámà Yorùbá ni a ti mú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbólóhùn 'Olú máa lọ', 'lọ' ni ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an, 'máa' sì jẹ́ aṣèrànwọ́ fún un. Bí a bá yọ 'máa' kúrò, 'Olú lọ' ṣì jẹ́ gbólóhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ 'lọ' kúrò, 'Olú máa' kò délé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ àti ẹ̀rọ iná ṣe rí lára kẹ̀kẹ́ yìí. Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ̀rọ ni aṣèrànwọ́. Ẹsẹ̀ lè dá ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá dúró, ẹ̀rọ náà yóò dúró.

Òfin àwọn orílẹ̀-èdè kan dúró lórí ìyàtọ̀ yìí. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2002 sọ pé bí agbára ẹ̀rọ náà kò bá ju wáàtì 250 lọ, tí ìrànwọ́ rẹ̀ sì ń dáwọ́ dúró nígbà tí ẹsẹ̀ bá dúró tàbí nígbà tí eré bá dé kìlómítà 25 láàrin wákàtí kan, a kò kà á mọ́ alùpùpù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 14 lè gùn ún láìní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Èyí tí ó bá kọjá ààlà náà di alùpùpù lójú òfin, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ àti ìwé adójútòfò.

Nítòsí wa, ní Kùtọnu àti ní Lomé, ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ M Auto nígbà náà, tí ó wá di Spiro, kó alùpùpù oníná dé ní 2022. Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní zemidjan, máa ń gba bátìrì tí ó kún ní ibùdó kan, wọn a sì fi èyí tí ó ti tán sílẹ̀. Ohun tí ó wúlò ni, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́dà. Iná nìkan ni ó ń gbé e rìn. Nítorí náà, ohun méjì ni wọ́n, orúkọ méjì ni ó sì tọ́ sí wọn: alùpùpù oníná àti kẹ̀kẹ́ oníná aṣèrànwọ́. Orúkọ yìí lè di ẹjọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní oṣù kejì ọdún 2020, ó sì tún un ṣe ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Bí a bá fi ẹnu ara wa pe ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ní alùpùpù, ìdè tí ó mú alùpùpù lè mú un pẹ̀lú.

Bí Ó Ṣe Lè Rí ní Akínmọ̀ọ́rìn

Akínmọ̀ọ́rìn wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió, láàrin Fìdítì àti ìlú Ọ̀yọ́. Olùkọ́ tí ó ń gbé níbẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ ní Fìdítì tàbí ní Ìlọrà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní 2023, owó ọkọ̀ ti di ẹrù lórí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà ìpele A sí náírà 225 fún yúnìtì kan. Ní iye yẹn, ìdajì yúnìtì tí bátìrì wa ń gbà jẹ́ nǹkan bíi náírà 113, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba iná tí ó ń ṣòfò lára ohun tí a fi ń gba iná sí i. Bí owó iná tilẹ̀ ń yí padà, ọ̀nà ìṣirò náà kò yí. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn rin nǹkan bíi kìlómítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń ṣe ojúṣe tirẹ̀. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà sábà máa ń tó láti gba iná kún un. Púpọ̀ nínú àwọn bátìrì náà ṣe é yọ, a sì lè gbé e wọlé nígbàkígbà tí iná bá dé.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi adùn nìkan han akẹ́kọ̀ọ́. Owó tí a ó fi rà á kò kéré, bátìrì rẹ̀ ni ó sì wà lára ohun tí ó wọ́n jù. Lẹ́yìn tí a bá ti gba iná sí i ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, agbára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, a ó sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Bátìrì tí ó bá ti fọ́, tàbí tí a fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ gba iná sí, lè gbiná. Kò yẹ kí a gba iná sí i lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ilé. Lékè gbogbo rẹ̀, títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gbà lọ sí òkè ọya. Kẹ̀kẹ́ kò lè bá wọn du ọ̀nà. Láàrin ìlú àti ní àwọn ọ̀nà inú ni ó ti lè rọrùn, pẹ̀lú akoto lórí àti iná lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Bí A Ṣe Lè Fi Kọ́ni ní Kíláàsì

Olùkọ́ kò nílò kẹ̀kẹ́ oníná kí ó tó lè kọ́ni nípa rẹ̀. Kí ó dojú kẹ̀kẹ́ ológeere kan dé, kí ó fi ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí táyà méjèèjì wà lókè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fi ọwọ́ yí pẹ́dà díẹ̀díẹ̀. Òun ni ẹsẹ̀. Kí èkejì máa fi àtẹ́lẹwọ́ ti táyà ẹ̀yìn síwájú. Òun ni ẹ̀rọ iná. Kí ẹ̀kẹta máa wo ọwọ́ ẹni kìn-ín-ní. Òun ni aṣọ́sẹ̀. Bí pẹ́dà bá ń yí, yóò wí pé, 'Ràn án lọ́wọ́!' Bí pẹ́dà bá dúró, yóò wí pé, 'Dáwọ́ dúró!' Kí ẹ̀kẹrin máa wo eré táyà. Bí ó bá ti yára jù, kí ó wí pé, 'Ó tó!', kí ẹ̀rọ sì gbé ọwọ́ kúrò. Ẹni yìí ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Kí olùkọ́ rí i pé kò sí ẹni tí ó ki ìka bọ ṣéènì tàbí àárín wáyà táyà.

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ béèrè ta ni ó ń wa kẹ̀kẹ́ náà, ta ni ó sì ń ṣèrànwọ́. Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè méjèèjì ti mọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, èdè abínibí ni ó sì fi mọ̀ ọ́n. A lè wá ní kí wọ́n kọ àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá lórí rẹ̀, kí wọ́n sì dábàá orúkọ tiwọn, kí oníkálùkù fi iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ náà ń ṣe gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé kẹ̀kẹ́ oníná aṣèrànwọ́ yàtọ̀ sí alùpùpù oníná, àti pé ìyàtọ̀ náà ṣe é ṣàlàyé ní Yorùbá láìfi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Orúkọ tí a dábàá kì í ṣe òfin. Ẹnu àwọn ènìyàn ni yóò pinnu èyí tí yóò dúró, bí ó ti pinnu ti ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kò bá tètè sọ ọmọ lórúkọ, èrò ọjà yóò bá a sọ ọ́, orúkọ tí wọ́n bá sì fún un lè má sọ ohunkóhun fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀.