Ẹrù Ilẹ̀, Ẹrù Oòrùn

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí mo fi gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ìpìlẹ̀ ilé kan ní Victoria Island. Ògiri irin ló dá yanrìn àti omi dúró lọ́tùn-ún lósì. Láàárín ògiri méjèèjì ni àwọn páìpù irin dábùú sí, orí kan ti ìhín, orí kejì ti ọ̀hún. Àmúró ni fọ́mán ń pè wọ́n.

"Bí àwọn wọ̀nyí bá yẹ̀," ó ní, "títì òkè yẹn á wá bá wa nísàlẹ̀."

Kò purọ́. Ní Singapore, lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2004, àmúró kòtò reluwé yẹ̀ lẹ́bàá Nicoll Highway. Oríkèé tó so ó mọ́ ògiri ni kò lágbára tó. Èèyàn 4 ló kú.

Ẹnjiníà tó ń mú mi kiri, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ní kí n fọwọ́ kan páìpù. Ó tutù, ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ó so ẹ̀rọ kékeré mọ́ wáyà ara irin náà, ó kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: ẹrù orí irin, ìwọ̀n ooru rẹ̀, 26, àti aago.

A padà débẹ̀ laago méjì ọ̀sán. Mo tún na ọwọ́, mo sì yára fà á padà. Ìwọ̀n ooru rẹ̀ ti di 44. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, síbẹ̀ ẹrù ti pọ̀ sí i.

Ooru ní í mú irin gùn. Páìpù mítà 20 yìí fẹ́ fi mìlímítà 4 àti díẹ̀ gùn sí i, àmọ́ ó há bí èrò mólúè tó fẹ́ na apá. Gígùn tí kò ráyè gùn ló fi ń ti ògiri. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 610, ara rẹ̀ nípọn tó 16. Bí ògiri kò bá mira rárá, ìwọ̀n ooru 1 péré á fi bíi tọ́ọ̀nù 7 kún ẹrù rẹ̀. Ti ọ̀sán yìí á sì tó 130. Yanrìn ẹ̀yìn ògiri tó ń sún díẹ̀ ni kì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹ kò lè bomi sí i ni?"

"A lè bomi sí i, sà. A sì lè fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ṣùgbọ́n láti orí ìwé la ti ń ka oòrùn mọ́ ẹrù. Ẹni tó bá fi jáàkì fún un lọ́sàn-án gan-an, bí ilẹ̀ bá ṣú tí irin súnkì, á bá a tó ti dẹ̀."

Ọmọkùnrin kan mú àkọsílẹ̀ apá kejì kòtò wá. Ẹnjiníà náà wò ó, ó dá a padà fún un. Iye ẹrù pé síbẹ̀. Kò kọ aago.