“Jù”, “kàkà” àti “kúkú”: ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lè gbà sọ ohun tó wù ú ní Gẹ̀ẹ́sì

Kí akẹ́kọ̀ọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ tó pàdé gírámà Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti Faransé ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ ohun tí ó yàn, “jù” ni ó kọ́kọ́ máa ń sá bá. Kò burú, nítorí “jù” ń ṣe iṣẹ́ méjì: “Adé ga ju Òjó lọ”, “mo fẹ́ràn tíì ju kọfí lọ”. Gẹ̀ẹ́sì náà gba “I like tea more than coffee”. Ṣùgbọ́n “prefer” kọ “than”. “To” ni ó ń gbà. Faransé ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí “je préfère le thé au café” bá a mu rẹ́gí. Látìn ni “prefer” ti ṣẹ̀ wá, bíi “superior” àti “inferior”, tí àwọn náà ń gba “to”.

Ibi tó le ni yíyàn láàárín ìṣe méjì. Nínú “I prefer walking to taking a zemidjan”, ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni “to”, kì í ṣe “to” inú “to walk”. Ìdí nìyẹn tí “-ing” fi tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ó yẹ kí olùkọ́ fi “jù” sílẹ̀ níbí, kí ó mú ìhun Yorùbá mìíràn: “Kàkà kí n gun zemidjan, n ó kúkú fẹsẹ̀ rìn.” Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni “I would rather walk than take a zemidjan”. Ẹ wo “n ó kúkú” àti “I would rather”: ipò kan náà ni “kúkú” àti “rather” wà, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé wọn kò sì gba “to” kankan. Bí a bá fẹ́ kí apá “kàkà” ṣíwájú ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, “rather than” ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. (“Rather” fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfiwéra láyé àtijọ́, ó túmọ̀ sí “kíá jù”, bí “plutôt” ṣe jẹ́ “plus tôt” tẹ́lẹ̀. Ìdí tí ó fi ń gba “than” nìyẹn.)

Bí ẹlòmíràn ni yóò ṣe ìṣe náà ńkọ́? “I would rather you came tomorrow.” “Came” yìí kò sọ nípa àná rárá. Iṣẹ́ tí “kí” ń ṣe nínú “ó tẹ́ mi lọ́rùn kí o wá lọ́la” ni ó ń ṣe, iṣẹ́ tí Faransé fún “viennes”. Nítorí náà “will” kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀la ni à ń sọ.