Yíyan Kọ̀ǹpútà Alágbèéká fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀bá Òkun Àgbádárìgì

Láyé àtijọ́, orí táípúráítà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú wa ti ń tẹ iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọn a mú bírò, wọn a sì máa fa àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo la fi ń kọ̀wé, òun la fi ń ya àwòrán ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, òun náà la sì fi ń ṣeré nígbà tí ara bá fẹ́ sinmi. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò lè ra ẹ̀rọ yìí fún ọmọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá ra èyí tí kò dára, ìgbà tí àpilẹ̀kọ àṣekágbá bá dé gan-an ni ẹ̀rọ rẹ̀ yóò dákẹ́, kò sì ní sí owó òmíràn nílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí á mọ ohun tí à ń wò kí á tó sanwó.

Ibi tí ọjà ti ń wá

Ẹni tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀-Ìjànìkin, tó di yunifásítì ní ọdún 2022, kò jìnnà sí ọjà Àlábà. Ẹlòmíràn a sì máa lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni tẹ́lẹ̀. Ó ti wá di orúkọ ẹrù tí ẹlòmíràn ti lò kí ó tó gba orí omi dé ọ̀dọ̀ wa.

Tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa pààrọ̀ ẹ̀rọ wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bíi HP EliteBook, Dell Latitude àti Lenovo ThinkPad, a sì máa lágbára ju ọ̀pọ̀ tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù náà kò dọ́gba. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network tẹ ìwádìí kan jáde lórí òwò yìí ní Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ló ń wọlé lóṣù, àwọn tó mọ̀ nípa òwò náà sì sọ fún wọn pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni kò ṣe é tún ṣe. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọpọlọ ẹ̀rọ

Ohun àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Àwọn ọlọ́jà a máa pariwo pé «Core i7 ni!» bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ìran tí ọpọlọ náà ti wá ṣe pàtàkì ju i5 tàbí i7 lọ. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e: i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-10210U sì jẹ́ ìran kẹwàá. Core i7-2620M ti ọdún 2011 ní ẹ̀ka méjì péré tó ń ṣiṣẹ́. I5-8250U ti ọdún 2017 ní mẹ́rin. Ní ti àwọn méjì yìí, i5 ni ẹ̀gbọ́n.

Ìdí mìíràn tún wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò gba ọ̀pọ̀ jù lọ ọpọlọ Intel tó kéré sí ìran kẹjọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lókè òkun ń ti ẹ̀rọ ìran kẹfà àti ìkeje síta, àwọn ìyẹn sì ni owó wọn máa ń rọjú ní ọjà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè rà á, kí ó fi Linux sí i, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Yóò kọ̀wé dáadáa, yóò sì fi Inkscape àti GIMP ya àwòrán. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé CorelDRAW àti Photoshop kò ní ẹ̀dà tiwọn fún Linux.

Ìrántí àti àká

Ìrántí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní RAM, dà bí tábìlì tí à ń tẹ́ ìwé sí. Bí tábìlì bá kéré, a ó máa kó ìwé kan kúrò kí á tó lè ṣí òmíràn. Àká ni ibi tí ẹrù ń sùn bí a bá pa ẹ̀rọ. Fún ìwé kíkọ àti íntánẹ́ẹ̀tì, ìrántí 8 GB tó. Fún iṣẹ́ ọnà, 16 GB ló rọrùn. Kí ẹ bi ọlọ́jà bóyá ààyè wà láti fi kún un lẹ́yìn ọ̀la. Ní ti àká, SSD ni kí ẹ béèrè, ó kéré tán 256 GB. Ó yára, kò sì ní ohun tó ń yí nínú, nítorí náà gbígbọ̀n ọkọ̀ láti Mile 2 dé Ìyànà-Ìbà kò ní bà á jẹ́ bí ó ṣe lè ba ti àtijọ́ jẹ́.

Iṣẹ́ ọnà àti eré

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó ń ya àwòrán nílò ojú ẹ̀rọ tó jẹ́ 1920 sí 1080, nítorí 1366 sí 768 a máa fún iṣẹ́ pọ̀. Ní ti eré, ẹ̀rọ ìran kẹjọ lásán lè gbá bọ́ọ̀lù Pro Evolution Soccer 2013 láìsí wàhálà. Àwọn eré ńláńlá tòní ló ń béèrè èròjà àwòrán ọ̀tọ̀, èyí tó ń gbówó lórí, tó ń gbóná, tó sì ń jẹ bátìrì.

Bátìrì àti iná

Iná ọba kò ṣe é gbọ́kàn lé, nítorí náà ìṣirò bátìrì ṣe pàtàkì. Bí bátìrì bá gba 50 Wh, tí ìwé kíkọ sì ń jẹ 10 W, wákàtí márùn-ún ni. Bí iṣẹ́ ọnà bá ń jẹ 20 W, wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bátìrì tòkunbọ̀ ti gbó. Ẹ ṣí Command Prompt nínú Windows, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Yóò sọ iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Bí 50 bá ti di 30, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ ó san.

Afẹ́fẹ́ òkun pẹ̀lú a máa gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ a sì máa jẹ irin. Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá òkun kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ sí ojú fèrèsé. Ẹ yẹ ihò ṣájà àti àwọn ìdè ara rẹ̀ wò bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀.

Èdè wa lórí ẹ̀rọ

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ní ìdánwò tiwa. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, olùkọ́ kò sì ní gba «oko» lọ́wọ́ wa fún gbogbo wọn. Nínú ètò Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní: lẹ́tà la kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí á tó fi àmì ohùn lé e. Windows ní ètò ìtẹ̀wé Yorùbá nínú, nítorí náà ẹ̀rọ olówó ńlá kọ́ ni èdè wa ń béèrè. Bọ́tìnì tó pé ló ń béèrè. Kí ẹ tẹ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì tún un tàn. Bí ó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́ kan lókè òkun, ẹ dá a padà, nítorí titi ni wọ́n tì í. Ẹ wo ọpọlọ, ìrántí àti àká nínú Task Manager fúnra yín; ẹ má ṣe gba ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn gbọ́. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pè yín ní olè lọ́la.

Ní ìkékúrú, ìran kẹjọ, 8 GB, SSD 256 GB àti bátìrì tó lera tó fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Kí oníṣẹ́ ọnà fi ìrántí kún un. Ẹni tí eré bá sì jẹ lógún jù, kí ó rántí pé owó ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá àti ìyá ń wá.