Nọ́ḿbà Tí Ó Wà Lára Ẹ̀rọ Ìlera Yín

Ẹ̀yin àgbà wa ní Fallowfield, púpọ̀ nínú yín ni ó ní ẹ̀rọ ìlera nílé: èyí tí a fi ń wọn ìfúnpá, èyí tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tàbí èyí tí ń ran ni lọ́wọ́ láti mí lójú oorun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ọ̀kan nínú wọn dojú dé. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí lẹ́tà SN tàbí LOT, pẹ̀lú nọ́ḿbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. SN jẹ́ ti ẹ̀rọ náà nìkan. LOT ń tọ́ka sí gbogbo àwọn tí a ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣì kéré, ó lè mọ àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti ń gbòòrò, ọjà rẹ̀ yóò gba ọwọ́ ọlọ́kọ̀, ilé ìkẹ́rùsí, alágbàtà àti ilé ìwòsàn kọjá, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Bí àwọn ìwé náà kò bá bára mu, yóò mọ iye ẹ̀rọ tí ó tà, ṣùgbọ́n kò ní mọ ilé tí wọ́n wà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Philips kéde pé fóòmù inú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ ìrànwọ́ èémí rẹ̀ lè máa rún, kí ẹni tí ń lò ó sì fa èérún rẹ̀ símú. Ó ní láti rọ àwọn tí ń lò ó pé kí wọ́n fi nọ́ḿbà SN ránṣẹ́. Ẹni tí ó ti kó kúrò ní àdírẹ́sì tí ilé ìwòsàn mọ̀, tàbí tí ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, lè máa fi í sùn lálaalẹ́ láìgbọ́ nǹkan kan. Bí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má ṣe dá ìtọ́jú dúró fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2016, àwọn àjọ ilé ìwòsàn mẹ́fà ní England, Leeds àti Salisbury lára wọn, ṣáájú nínú ètò Scan4Safety. Nọ́ọ̀sì a máa fi ẹ̀rọ kékeré ka àwọn ìlà dúdú tí ó wà lára ohun èlò àti èyí tí ó wà lọ́rùn ọwọ́ aláìsàn. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé orúkọ yín.

Nílé, iṣẹ́ náà di tiyín. Ẹ kọ SN, ọjọ́ tí ẹ gba ẹ̀rọ àti ibi tí ẹ ti gbà á sínú ìwé tí ẹ ń kọ oògùn yín sí. Bí ẹ bá ṣí lọ sí Rusholme, tàbí sọ́dọ̀ ọmọ yín ní London, ẹ sọ fún GP yín àti ẹ̀ka tí ó fún yín ní ẹ̀rọ. Èyí tí NHS yá yín, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sílé. A mọ̀ pé ó nira láti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹni ń ru ní Ìjẹ̀bú kí a má fi èyí tí ó wà nílẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tí ẹ fi owó yín rà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí SN rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ lè pè wọ́n bí ìkìlọ̀ bá jáde.

Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú páálí rẹ̀, kí ẹ fi han apòògùn, kí ẹ sì fi tó ètò Yellow Card létí lórí 0800 731 6789. Ọmọ tàbí alábàágbé yín lè bá yín pè.