Ṣé O Mọ̀? Àṣírí Tó Wà Nínú Ìró Kíbọ́ọ̀dù

Ṣé o mọ̀ pé ọdún kan náà ni wọ́n dá yunifásítì LASU sílẹ̀ ní Ojo, tí King Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde, tí Yamaha ní Japan gbé kíbọ́ọ̀dù DX7 sọ́jà, tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin sì fẹnu kò lórí MIDI, ìlànà tó jẹ́ kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè máa darí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn? Ọdún 1983 ni. Irú kíbọ́ọ̀dù bíi DX7 ni wọ́n ń pè ní synthesizer: kò gba ohùn dùùrù tàbí fèrè ẹnikẹ́ni pa mọ́ sínú, fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ̀dá ìró. Ọmọ tó ń ṣe bíìtì lórí laptop nínú yàrá kan ní Iba tàbí Okokomaiko lónìí lè má tíì fojú kan DX7 rí, àfi bó bá bá tòkunbọ̀ rẹ̀ pàdé ní ọjà Alaba, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ló ń wá kiri.

Ṣé o mọ̀ pé olórin ló ṣàwárí ọgbọ́n inú DX7, kì í ṣe ẹnjiníà? John Chowning lorúkọ rẹ̀, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1967. Ó ń fi kọ̀ǹpútà gbọn ohùn kan díẹ̀díẹ̀, bí akọrin ṣe máa ń gbọn ohùn nígbà tí orin bá wọ̀ ọ́ lára. Ó mú kí gbígbọ̀n náà yára sí i, ó tún mú kó yára sí i, títí etí kò fi mọ̀ ọ́n ní gbígbọ̀n mọ́. Ohùn mìíràn pátápátá ló jáde. Wọ́n fi han àwọn tó ń ṣe dùùrù oníná ní Amẹ́ríkà, wọn kò kà á sí. Yamaha ló rà á.

Bí o bá fẹ́ dán an wò, agogo ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Mú ohùn kan tó ń gbọ̀n ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí o jẹ́ kí òmíràn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 280 máa mì í. Nítorí pé 280 kì í ṣe ìlọ́po 200 gééré, ìró tó máa jáde kò ní jọ ti fèrè, yóò dún bí irin. Jẹ́ kí agbára ohùn kejì pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó sì máa rẹlẹ̀ bí ìró náà ṣe ń kú lọ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ìwọ̀n yìí, 1 sí 1.4, wà nínú ìwé tí Chowning fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1973. Gbé nọ́ńbà méjèèjì sókè ní ìlọ́po mẹ́rin, gé ìró náà kúrú, o ti ń sún mọ́ agogo tí wọ́n ń lù nínú ẹgbẹ́ jùjú nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ìdajì nínú beesi tó sọ orin I Feel Love di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kì í ṣe ohun tí wọ́n tò sínú ẹ̀rọ, ìdápadà ìró lásán ni? Donna Summer ló kọ ọ́. Giorgio Moroder àti Pete Bellotte ló ṣètò rẹ̀ ní Munich, ní Jámánì, lọ́dún 1977. Ẹ̀rọ Moog ńlá kan báyìí, tó kún fún wáyà, ni wọ́n lò. Kì í pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń yẹ̀ kúrò lójú ohùn, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gba ìró rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á tún un tò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìlù ẹsẹ̀ nìkan ni Moog kò rí ṣe dáadáa. Keith Forsey, tó jẹ́ onílù, ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Beesi yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ti ń gbìyànjú láti tún ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tẹ gbogbo ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò wá le gbagidi, tí kò ní sáré. Ohun tó ń mú un sáré ni delay, ẹ̀rọ tó ń dá ìró padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Fi orin rẹ sí 120, kí ìlù ẹsẹ̀ máa dún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (I Feel Love fúnra rẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀). Jẹ́ kí beesi dún lẹ́ẹ̀mejì fún ìlù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fi delay sí 125 milliseconds, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá, kí o sì jẹ́ kó dá a padà lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdápadà yẹn yóò bọ́ sáàárín ohùn méjì gẹ́lẹ́, ohùn méjì yóò di mẹ́rin. Wá gbé ojúlówó beesi sí spíkà òsì, kí o gbé ìdápadà sí ti ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Munich nìyẹn. Ẹni tó bá dúró ti spíkà kan ṣoṣo nílé ijó, ìdajì beesi ló gbọ́. Ìdí nìyẹn tí n kì í bá ẹni tó gbọ́ ọ lórí spíkà fóònù jiyàn bó bá ní kò sí ohun bàbàrà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ Roland ṣe ẹ̀rọ TB-303 kí ẹni tí kò ní onígìtá beesi lè máa fi kọ́ orin nílé? Kò jọ gìtá rárá, èèyàn kò rà á púpọ̀, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1984. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á ní tòkunbọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ Phuture ní Chicago mú ọ̀kan, tí wọ́n ń yí bọ́tìnnì filter rẹ̀, èyí tó ń gé apá kan ìró, síwá sẹ́yìn bí orin ṣe ń lọ. Acid Tracks tí wọ́n gbé jáde ní 1987 ló bí odindi ẹ̀yà orin kan.

Ṣé o mọ̀ pé epo rọ̀bì wà nínú ìtàn Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn akọrin tò? Andy Hildebrand tó gbé e jáde ní 1997 ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń wa epo, tí wọ́n máa ń rán ìró wọnú ilẹ̀ láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìṣirò tó jọ ti iṣẹ́ epo yẹn ni Auto-Tune fi ń mọ ìpele ohùn tí akọrin wà. Nígbà tí Cher kọ Believe ní 1998, wọ́n fi ìyára ẹ̀rọ náà sí òdo, kó máa fa ohùn bọ́ sípò lójú ẹsẹ̀ láìsí yíyọ́ kankan. Àwọn tó ṣe orin náà kọ́kọ́ parọ́ fáwọn oníròyìn pé ẹ̀rọ mìíràn làwọn lò, kí ẹlòmíràn má baà rí ọgbọ́n náà jí. Bí o bá fẹ́ ìró yẹn, òdo ni kí o fi sí. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra bó bá jẹ́ Yorùbá lo fẹ́ fi kọrin: yíyọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa yéni, òdo yóò sì gé e kúrò.

Onílù dùndún kò ní ìṣòro yẹn. Bó ṣe ń fún okùn awọ mọ́ ìhà ni ìyá ìlù ń gòkè, bó ṣe ń dẹ̀ ẹ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Demọ́la Adépọ̀jù, tó fa gìtá Hawaii fún Sunny Adé nínú Synchro System, náà ń yọ́ láti ohùn dé ohùn bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ ṣe irú èyí lórí synthesizer, jẹ́ kó máa dún ní ohùn kan lẹ́ẹ̀kan, kí o tan glide, èyí tó ń mú ohùn kan yọ́ lọ sí èkejì, kí o jẹ́ kí ìró náà tètè kú. Yóò gbìyànjú. Àmọ́, mi ò tíì gbọ́ èyí tí onílù àgbà máa gbọ́ tí á yíjú padà.

Ṣé o mọ̀ pé Áfíríkà wà nídìí iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ sọ ìró di orin yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Paris tí ìwé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ? Ní Cairo, lọ́dún 1944, Halim El-Dabh gba orin àwọn obìnrin níbi ayẹyẹ zaar sílẹ̀ sórí wáyà, ó gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, ó yọ ìpìlẹ̀ ohùn kúrò, ó sì fi gbohùngbohùn kún èyí tó kù. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Pierre Schaeffer gbé tirẹ̀ sórí afẹ́fẹ́ ní Paris.

Ṣé o mọ̀ pé ìró kan wà tí ẹni tó ṣe é gan-an kò lè tún ṣe? Ìró ńlá tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fíìmù ní àwọn sinimá THX, tí James Moorer ṣètò, ohùn 30 ló wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń mú nọ́ńbà wọn bó bá ṣe wù ú, nítorí náà gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún fi kọ̀ǹpútà náà ṣe é ló ń yàtọ̀.

Ti William Onyeabor ló ká mi lára jù. Láàárín 1977 sí 1985 ló fi synthesizer gbé àwo lé àwo jáde ní Enugu, níbi tó ti ní sítúdíò tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbájú mọ́ ìsìn Kírísítẹ́nì, ó sì pa orin tì. Ní 2013, Luaka Bop, ilé-iṣẹ́ àwo orin tí David Byrne dá sílẹ̀ ní New York, kó àwọn orin rẹ̀ jọ, ayé sì ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ní 2014, odindi ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n pè ní Atomic Bomb!, Kele Okereke àti Damon Albarn wà lára wọn, gun orí pèpéle ní London láti tún ìró rẹ̀ ṣe níwájú èrò.  Àwọn èèyàn béèrè lọ́wọ́ Onyeabor títí bó ṣe ṣe é, kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó kú ní oṣù kìíní 2017.

Àwọn tó tẹ kíbọ́ọ̀dù sínú àwo jùjú àti fújì ní àwọn ọdún 1980 ṣì kù láyé, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé ládùúgbò wa, láti Ojo títí dé Àgbádárìgì. Bí o bá mọ ọ̀kan, kí i dáadáa, gbé fóònù rẹ síwájú rẹ̀, bi í léèrè ẹ̀rọ tó lò àti bọ́tìnnì tó yí, kí o sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.