Ìwé àti Bọ́ọ̀lù ní Akoka

Bí ọ̀rọ̀ bá kan iléèwé ọkùnrin ìjọ Kátólíìkì ní agbègbè Yaba, Saint Finbarr's College, Akoka, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Fadá Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, ló dá a sílẹ̀ ní 1956. Ìwé ni wọ́n ń lọ kà níbẹ̀ o, àmọ́ bọ́ọ̀lù ló gbé orúkọ rẹ̀ dé etí àwọn tí kò lọ́mọ níbẹ̀.

Kò yani lẹ́nu. Fadá fúnra rẹ̀ ti fun fèrè rẹfirí rí.

Ife Principals' Cup, tí àwọn iléèwé girama Èkó ń dù, ló ń gbóná jù lẹ́nu àwọn ọmọ. Kátólíìkì ni Saint Gregory's, Obalende, náà, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá lórí pápá.

Saint Finbarr's ni Henry Nwosu ti jáde, ọ̀kan lára ikọ̀ tó na Algeria ní 3-0 ní Surulere ní 1980, tí Nàìjíríà fi gba ife Áfíríkà. Stephen Keshi náà kàwé níbẹ̀. Ó gba ife yìí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ní 1994, ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì ní 2013.